Ọgbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ Ìjánìkín

Òkòkòmáìkò,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025

Dàmọ́lá, àbúrò mi,

Báwo ni òtútù ibẹ̀ yẹn? Àlàáfíà la wà níhìn-ín, àfi orúnkún Màmá tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àti ooru tí kò jẹ́ ká sùn. Àsánì tó máa ń kó gàrí àti èlùbọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi mú lẹ́tà yìí dání. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè, Màmá á já fóònù gbà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ojú rẹ títí dátà mi á fi tán.

Màmá ti lẹ fọ́tò rẹ mọ́ ògiri pálọ̀, èyí tí o ti wọ kóòtù. Fọ́tò tèmi, ti ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí NCE, ti bọ́ sẹ́yìn fíríìjì, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹnikẹ́ni kò lè yà wá tọrọ iyọ̀ mọ́ kí wọ́n má ròyìn rẹ fún un. Lánàá, Christiana tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi wọ́n pé iṣẹ́ wo lọmọ yín ń ṣe gan-an. Màmá ní, "Ó máa ń ṣírò ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀." Christiana ní, "Ṣé wòlíì ni?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ta. Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò? Dàmọ́lá, mò ń jowú rẹ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kó má di pé mò ń fi pa mọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ilé iṣẹ́ yín ṣí ìdíje ìṣirò kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Moṣọpẹ́, tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ JAMB ní lẹ́sìnnì wa ní Ìbà, ló fi hàn mí. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ mú, wọ́n á kọ́ wọn níṣẹ́, olúkúlùkù á sì máa ṣe é láti ilé rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́wàá ni. Mẹ́fà dá lórí ohun kan tó ń lé ohun mìíràn, bí ọlọ́pàá tó ń lé olè, tàbí ọkọ̀ ojú omi tó ń lé ọkọ̀. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ti sísọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún jókòó tì í, mo sì ti fi ránṣẹ́. Orúkọ ilé ọkọ mi, Àjàyí, ni mo lò, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí fún ara mi.

Kọ̀wé sí mi, kì í ṣe sí Màmá.

Fàúsátù, ẹ̀gbọ́n rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ sì kú ààwẹ̀ tó wọlé lánàá. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa. Gàrí tí ẹ fi rán Àsánì dé, mo sì ti fi omi tútù bu ún mu lójú fèrèsé tí yìnyín bò. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé rò pé orí mi ti dàrú.

Ẹ ní ẹ ń jowú mi. Ẹ wá wo yàrá tí mò ń sùn. Bí mo bá na ẹsẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Bí mo bá na ọwọ́, ó kan àdògán. Kí Màmá má gbọ́ o.

Inú mi dùn pé ẹ gbìyànjú ìdíje náà. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í sọ pé nǹkan á ṣẹlẹ̀ tàbí pé kò ní ṣẹlẹ̀. Iye ìgbà nínú mẹ́wàá la máa ń sọ. Mo fi tiyín sí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Nǹkan kékeré kan ló kù. Ní ìparí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní kí èèyàn kọ bí ìṣirò ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ṣì lè tún un ṣe, ọ̀rọ̀ lẹ́sìnnì yín ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìgbà èwe. Wọn kì í kà á sí.

Ẹ bá mi yà wo ilẹ̀ Ìjánìkín tí Bàbá fún mi. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń da pàǹtírí sínú adágún Ìyá Àgbà. Ẹ sì bá mi fi èlùbọ́ ránṣẹ́, èyí tó dúdú dáadáa.

Àbúrò yín,
Dàmọ́lá.


Òkòkòmáìkò,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Dàmọ́lá,

Màmá ní kí n kí ọ. Ìkíni tiwọn nìyẹn. Tèmi kò sí nínú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ yín ti fèsì. Wọ́n ní mo gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àti pé èèyàn mẹ́rin péré ló gbà tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún méjì. Mo ti fò sókè, mo ti dì mọ́ Moṣọpẹ́, kí n tó ka ìlà tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní àwọn kò lè mú mi, nítorí pé ìtàn tí mo kọ nípa ara mi, ìtàn òṣìṣẹ́ àwọn kan ni mo jí. Wọ́n fi ojú ìwé tí ìtàn náà wà hàn mí, pé kí n wò ó fúnra mi.

Mo wò ó. Fọ́tò rẹ ló wà níbẹ̀, èyí tó wà lára ògiri wa gan-an. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, o jókòó létí adágún ìyá àgbà rẹ, o sì dá ọgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ mọ̀ láìsí olùkọ́.

Ìwọ! Ṣé kí n rán ọ létí? Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Adágún náà rí roboto bí ẹnu ìkòkò. Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Àgbà wà láàárín omi, ajá Bàbá Ẹ̀hìndé, aládùúgbò wọn, ń sáré yí etí omi ká, ó sì yá ju pẹ́pẹ́yẹ lọ nígbà mẹ́rin. Bí pẹ́pẹ́yẹ bá lè tẹ ilẹ̀ gbígbẹ kí ajá tó dé, á fò gun orí ọgbà, ó bọ́ nìyẹn. Ìwọ ń sunkún pé ajá á pa á. Èmi ni mo gbé ọmọrí ìkòkò kalẹ̀, mo fi ẹ̀pà ṣe pẹ́pẹ́yẹ, mo fi ìdérí ìgò kókà ṣe ajá. Mo fi hàn ọ́ pé bí pẹ́pẹ́yẹ bá gba ọ̀nà tààrà láti àárín, ajá á ti dúró dè é. Ṣùgbọ́n bó bá kọ́kọ́ ń yí po ní kékeré nítòsí àárín, ajá gbọ́dọ̀ yí gbogbo adágún ká kó tó bá a dọ́gba, agbára rẹ̀ kò sì ní ká a. Díẹ̀díẹ̀, ajá á bọ́ sẹ́yìn, títí á fi wà ní òdìkejì omi gan-an. Ìgbà yẹn ni kí pẹ́pẹ́yẹ na ọ̀nà tààrà. O nu ojú rẹ, o ní, "Àǹtí, ta ló sọ fún yín?" Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ní báyìí, èmi ni olè. Ìdí tí o fi ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ ìgbà èwe nìyí. O mọ̀, o sì ń bá mi ṣàwàdà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Wọ́n ní títí oṣù Kẹsàn-án á fi parí, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Ìwọ ni ẹ̀rí mi. Kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, kí o sọ ẹni tó rí i.

Fàúsátù.


Òkòkòmáìkò,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Dàmọ́lá,

A kú ọdún Iléyá tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àsánì ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì ti dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rìn lọ bá a ní Àlàbá, tó sì na ọwọ́ òfìfo sí mi. Ó ní, "Ìyá Lẹ́sìnnì, wọn ò fún mi ní nǹkan kan o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ jà?"

O ra àgbò fún Màmá. Wọ́n so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin kí gbogbo àdúgbò lè rí i, wọ́n ń pè é ní àgbò Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni mo ń já ewé fún un, èmi ni mo ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni Màmá tún gbé ẹran rẹ̀ lé pé kí n dín, pé kí n rọra, pé ẹran ọmọ àwọn ni. Mo jẹ níbẹ̀. Ó korò lẹ́nu mi.

Mi ò sọ fún wọn. Ọkàn mi ń sọ pé kí n sọ, kí fọ́tò yẹn lè kúrò lára ògiri. Ṣé títí n ó fi sọ ọ́ lò ń dúró dè?

Fàúsátù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, ọdún 2025

Àǹtí mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ má sọ pé kí n dìde.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo ya á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́, èèyàn mẹ́ta jókòó níwájú mi, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn sì wà láàárín. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ! Ìbéèrè tí gbogbo àwọn tó ń ṣírò ọjà owó bíi tiwa mọ̀ ni, èmi ni n kò mọ̀ pé ó ti kárí ayé. Kí ó tó sọ ọ́ tán, mo ti dáhùn. Ó ní, "Ibo lo ti kọ́ ọ?" Àǹtí, orúkọ yín wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni pé èmi ni mo rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Láti ọjọ́ náà, irọ́ yẹn ló ń rìn níwájú mi.

Ẹ ní ẹ ń jowú mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ jowú. Ṣé ẹ rántí orúkọ tí Bàbá ń pè yín ní ṣọ́ọ̀bù Àlàbá? Orí Ìṣirò. Àwọn oníbàárà á wọlé, Bàbá á ní kí wọ́n sọ iye méjì èyíkéyìí fún yín kí ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bí wọ́n bá wá rí mi, wọ́n á ní, "Àbúrò Orí Ìṣirò nìyí." Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí lorúkọ mi. Mo fẹ́ràn yín, àmọ́ ojú mi ń pọ́n. Níwájú àwọn mẹ́ta yẹn, mo fẹ́ jẹ́ yín, fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Wọ́n fún àwa òṣìṣẹ́ náà ní ìbéèrè mẹ́wàá yẹn kí wọ́n tó gbé e síta. Mẹ́fà ni mo gbà. Ti ọkọ̀ ojú omi tó ń lé ọkọ̀, n kò rí i yanjú di òní. Nígbà tí mo ka mẹ́sàn-án nínú lẹ́tà yín, inú mi kò dùn. Mo ti sọ ọ́.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yan olórí ẹ̀ka wa, orúkọ mi sì wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo èyí. Ọdún tó ń bọ̀, n ó wá nǹkan mìíràn fún yín.

Dàmọ́lá.


Òkòkòmáìkò,
Ogúnjọ́, oṣù Keje, ọdún 2025

Dàmọ́lá,

Dìde, orúnkún rẹ kì í ṣe ti Màmá.

Mo ka lẹ́tà rẹ ní lẹ́sìnnì nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, mo sì ní láti jáde. N kò mọ̀ pé o jowú mi rí. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí o ti ní kí n fojú fò ó.

Mo ti fojú fo nǹkan rí. Ọdún tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti gbà mí. Èmi ni mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àlàbá kí ìwọ má baà kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì. Nígbà tí mo fi máa padà sídìí ìwé, mo ti lọ́mọ méjì.

Ṣé o rántí bí a ṣe ń pín ẹran nílé wa? Ìwọ lo kéré jù, ìwọ ni Bàbá ń gbé ọ̀bẹ fún. Ọmọdé ní í pín, àgbà ní í kọ́kọ́ mú. O máa ń fojú wọn ẹran yẹn títí ọbẹ̀ á fi tutù, torí o mọ̀ pé èyí tí mo bá fi sílẹ̀ ni tìrẹ. Ó dáa. Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì, kí ìpín méjèèjì wúwo. N ó mú ọ̀kan, ìkejì á jẹ́ tìrẹ títí ayé, n kò sì ní dá a sílẹ̀ mọ́, n kò ní sọ fún Màmá.

Ṣe é kí oṣù Kẹsàn-án tó parí.

Fàúsátù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025

Àǹtí mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀nà Ìbà tó ń di odò. Mo kí Màmá.

Wọ́n ti fi mí ṣe olórí ẹ̀ka. Mo sọ fún yín kí ẹ lè mọ bí ìpín yìí ṣe wúwo tó.

Àpò ìwé mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ Àsánì. Nínú funfun, mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi, mo sì fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ọmọrí ìkòkò, ẹ̀pà, ìdérí kókà, àti pé irọ́ ni mo pa. Bí ẹ bá mú un, ẹ fi ránṣẹ́ sí i fúnra yín. Orúkọ yín á padà sọ́dọ̀ yín. Ohun tí wọ́n bá fi mí ṣe, mo gbà.

Nínú èyí tó dúdú, ìwé ilẹ̀ Ìjánìkín ni, pẹ̀lú adágún, mo sì ti kọ ọ́ sí orúkọ yín. Ọkùnrin tí mo jẹ́ ni Bàbá ṣe fún mi nílẹ̀ náà, ẹ sì mọ̀. Bí ẹ bá mú un, ẹ lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tiyín síbẹ̀, kí ẹ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ háyà fún lẹ́sìnnì. Ìtàn pẹ́pẹ́yẹ á wá jẹ́ tèmi.

Mo fojú wọ̀n ọ́n títí ọbẹ̀ fi tutù. N kò mọ èyí tó kéré.

Ẹ̀kẹta, èyí tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ni ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ó mú. Iṣẹ́ mi ni, ẹ má bínú. Ẹ má ṣí i títí ẹ ó fi mú tiyín.

Dàmọ́lá.


Òkòkòmáìkò,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025

Dàmọ́lá, àbúrò mi,

Mo kí ọ lónìí. Ìkíni tèmi ni, kì í ṣe ti Màmá.

O pín in dáadáa. Bàbá ì bá yìn ọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi gbé àpò méjèèjì sórí tábìlì tí n kò lè fọwọ́ kan ọ̀kan. Màmá rí ìwé ilẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lérí, wọ́n ní, "Rùkáyàt, o bímọ o!" Orúkọ ara wọn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn tún ti fún mi nílẹ̀. N kò sọ ìdí rẹ̀. Mo lọ sí Ìjánìkín, mo dúró létí adágún. Wọ́n ti dí ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá àti táyà. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí kíláàsì mẹ́ta lè dúró sí. Mo fẹ́ ilẹ̀ yẹn, Dàmọ́lá. Mo fẹ́ ẹ débi pé ẹnu mi gbẹ.

Láàárọ̀ yìí, mo mú funfun. Moṣọpẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀, kí ọkàn mi má baà yí padà. Ìwé ilẹ̀ rẹ ti wà lọ́wọ́ Àsánì, ó ń padà bọ̀ wá bá ọ.

Lẹ́yìn náà ni mo já ẹ̀kẹta. "Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá: ilẹ̀ ni wọ́n á mú. Wọn kò jẹ́ kí n ṣubú rí."

Mo jókòó, mo sunkún. Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún pé kí o mọ ohun tó ń bọ̀! Mo mọ bí o ṣe ṣe ìṣirò náà. O ka ọdún tí mo lọ jókòó sí Àlàbá. O ka gbogbo ẹran tí o pín, tí mo máa ń mú èyí tó kéré kí o má baà sunkún. O rò pé n kò mọ̀ ọ́n wò ni? O kó gbogbo ìgbà tí mo fi nǹkan sílẹ̀ fún ọ jọ, o wá ní bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe títí láé.

Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí o sọ di tìrẹ, kò yé ọ. Nígbà tó ń yí po láàárín omi, ajá rò pé kò rí ibì kankan lọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi yí po, Dàmọ́lá.

N kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ọ́ ṣe, ẹ̀rù sì ń bà mí fún ọ. Mo ṣì ń jowú rẹ díẹ̀, ìyẹn kò ní tán lóòjọ́ kan. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, máa bọ̀ nílé. Àga kan ṣófo ní lẹ́sìnnì. Oṣooṣù làwọn ọmọ JAMB máa ń bi wá ní ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ìwọ ni n ó ní kí o dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ta ló rí i, o ti mọ ohun tí wàá sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fàúsátù.